Gbogbo Wọn Ló Ṣe Àmín

Ẹ wò ó, kí ẹnikẹ́ni má tún fi "ṣebí wọ́n gbà ẹ́ sílé" yẹn dí mi lẹ́nu mọ́. Wọ́n gbà mí sílé, mo gbà. Wọ́n fún mi ní yàrá, mo gbà. Ṣé yàrá ni wọ́n máa fi dá Màmá padà fún mi ni? Ìyá tó tọ́ mi kú ní Beyerúnká, wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, gbogbo àdúgbò jẹ sàráà, èmi wà nílùú òyìnbó, mò ń gé bébà aláwọ̀ pupa fún ọlidé ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ilé ló mọ̀. Àlejò mọ̀. Ọmọ kékeré mọ̀. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Àwọn èèyàn wá ń sọ báyìí pé ẹnu mi ló pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí apá kan ni wọ́n ń gbé káàkiri, wọ́n á fo apá tó dùn mí.

Màmá tí mò ń wí yìí, ìyá bàbá mi ni. Inú yàrá wọn nínú àgbàlá wa ni mo sùn dàgbà. Bọ̀dá Gàníyù ni àbígbẹ̀yìn Màmá, àbúrò bàbá mi. Òun ló ní kí n wá bá òun ní England, kí n máa ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, kí n sì máa bá ìyàwó òun mójú tó àwọn ọmọ. Mo yọ̀ o! Ọjọ́ tó pè mí, mo gun ọ̀kadà láti Mápó dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀, mò ń kígbe lórí ẹ̀ bí ẹni tó jẹ lọ́tìrì. Ọlọ́kadà ní, "Anti, ẹ rọra, ẹ ò tíì wọ ọkọ̀ òfúrufú, ẹ ti fẹ́ fò."

Ẹ má bínú pé mò ń pe Bọ̀dá ní "ó". Màmá nìkan ni "wọ́n" ṣẹ́kù fún lẹ́nu mi.

Ìyàwó Bọ̀dá, ìyá Àbẹ̀kẹ́, èmi ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ẹ sì mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa: ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, bí ọmọ náà ò tiẹ̀ tíì mọ imú nù. Ó wo eyín mi, ó ní Eyínafẹ́ lòun á máa pè mí. Èmi náà ń pè é ní Ìyàwó wa. Àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lókè òkun, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló pe orúkọ mi ní ìhòòhò, bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ní bóyá òtútù ni.

Kì í kúkú ṣe òtútù ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Àwọn ọmọ ni. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́, Àbẹ̀kẹ́ àti Rájí àbúrò ẹ̀ ṣì wà nínú aṣọ oorun, wọ́n jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, wọ́n ń ṣe ìṣirò. Ní Beyerúnká, ọmọ tó bá wà nílé lásìkò yẹn, yálà ara ẹ̀ ò yá tàbí ó sá níléèwé. Mo fa Bọ̀dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀dá, ṣé wọ́n lé wọn ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló máa lé wọn? Ilé ni iléèwé wọn. Ìyá wọn ni tíṣà."

"Ta wá ni hẹdimásítà?"

"Èmi ni. Àmọ́ wọn kì í jẹ́ n sọ̀rọ̀ ní àsẹ́ńbílì."

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe bá ara mi níléèwé tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀. Tábìlì oúnjẹ ni kíláàsì. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì; ẹ̀wà tí Màmá ì bá fi se gbẹ̀gìrì, wọ́n fi òwú bò ó nínú ife, wọ́n ń ṣọ́ ọ kó hù. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi ni tíṣà Yorùbá. Mi ò ka ìwé púpọ̀ o. Lórí fóònù ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú nǹkan tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n yin ara mi: kí n tó dé, "Ẹ káàárọ̀" lásán, Àbẹ̀kẹ́ á sọ ọ́ bí ẹni tó kó omi gbígbóná sẹ́nu. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, òyìnbó tó ń pín lẹ́tà kanlẹ̀kùn, Àbẹ̀kẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ gbàgà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Òyìnbó sá sẹ́yìn. Ó rò pé ọmọ ṣubú ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, ṣé ẹ rí i, èmi náà ti ṣe nǹkan kan láyé.

Mo kọ́ wọn ní àdúà náà. Tí a bá ti kàwé tán, a ó ṣe àdúà fún àwọn ará ilé. Baba, ọkọ Màmá, ti kú tipẹ́. A ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ Baba sí afẹ́fẹ́ rere. A ó ní kí Ọlọ́run dá Màmá sí fún wa, kó fún wọn lẹ́mìí gígùn. Lọ́jọ́ kan, Rájí ní kí Ọlọ́run fún Baba náà lẹ́mìí gígùn. Mo ní rárá o, a kì í tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ẹni tó ti kú. Tòkú lọ́tọ̀, tààyè lọ́tọ̀. Àbẹ̀kẹ́ mi orí. Ọmọ yẹn, tó bá ti gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan, kì í gbàgbé.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì kúrò nílé rí, ẹ ò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń dá egbò síni lára. Ní Beyerúnká, o ò tíì jí, ariwo sípíkà mọ́ṣáláṣí ti jí ẹ. Ẹnì kan ń bú ẹnì kan lẹ́yìn fèrèsé, ewúrẹ́ ń gorí àtẹ̀gùn. O fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ Ọjà'ba, èèyàn mẹ́wàá á bi ẹ́ níbi tó ò ń lọ, inú á máa bí ẹ. Mo dé ibi tí mo ti lè jáde kí n wọlé kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní nǹkan kan. Fíríìjì nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nílé. Mo wá ń wá ẹni tó máa bi mí pé, "Níbo lò ń lọ?"

Jímọ̀-Jímọ̀ ni mo máa ń rí ẹni tó máa bi mí. Màmá ò ní fóònù, lórí fóònù Anti Síkírá la ti máa ń sọ̀rọ̀. Anti yẹn ni ọmọ Màmá tó kù sílé. Màmá á kígbe bí ẹni tó fẹ́ kí n gbọ́ ọ láìsí fóònù rárá.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá."

"Kí lo jẹ? Ta ló sè é? Ṣé wọ́n jẹ́ kó o bù ú fúnra ẹ?"

Ọjọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ kí Màmá ní Yorùbá tó já gaara, Màmá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí mà ti di ará Beyerúnká!"

Wọn ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Tí Disẹ́ńbà bá dé, ẹ máa rò pé iléèwé inú ilé máa sinmi. Irọ́ ni. Iléèwé tí ò ní géètì ò ní ọlidé. Àwọn ẹbí tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé bíi tiwa ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n á pàdé nílé ẹnì kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ṣe àfihàn ohun tó kọ́. Ọdún yẹn, ilé wa ló kàn. Háà! Mo rí iṣẹ́. Mo yan bisikíìtì títí ilé fi ń rùn bíi ṣúgà. Mo rán aṣọ tí Rájí máa fi ṣe kìnnìún, mo tún ìrù ẹ̀ rán torí ó ń fi na ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Mo gé bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó já, mo tún un lẹ̀. Ìyàwó wa ń pè mí láti òkè, ó ń pè mí láti ìsàlẹ̀. "Bá mi wo èyí. Bá mi gbé ìyẹn. Àbẹ̀kẹ́ ti mọ àdúà ẹ̀ dáadáa ṣá? Òun ló máa kẹ́yìn ètò o."

Àárín iṣẹ́ yẹn ni fóònù Beyerúnká yí padà.

Jímọ̀ kan, Anti Síkírá ní Màmá ń sùn. Jímọ̀ kejì, Màmá lọ kí àwọn ará Àrẹ̀mọ. Ìkẹta, ọ̀fun ń dun Màmá, dókítà ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀.

"Màmá? Màmá tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun? Anti, tí mi ò bá gbọ́ ohùn Màmá lónìí, mo máa ní kí ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Pópó Yemọja wá wo Màmá fún mi."

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu. O máa gbọ́ ohùn wọn. Ṣé o fẹ́ràn wọn jù wá lọ ni?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́ìsì nóòtù dé. Ohùn Màmá ni lóòótọ́. "Ọmọ mi, mo wà o. Òjò yìí ni ò jẹ́ n jáde, òrùlé tún ti ń jò." Mo rẹ́rìn-ín. Òjò kẹ̀? Nínú ọyẹ́? Mo ní Màmá ti ń darúgbó, wọ́n ti ń gbàgbé ìgbà. Ohùn wọn jìn bí ẹni tó wà nínú kànga. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ wo iṣẹ́ àgbàlagbà! Ohùn ìgbà òjò ni Anti gbé jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kan, ó fi fóònù mìíràn gbà á, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi wá jókòó, mò ń dá òkú lóhùn. Mo ní, "Màmá, ẹ má jáde sínú òjò yẹn o."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni a lọ ra nǹkan ọdún. Mo ní mo fẹ́ ra ìborùn fún Màmá, kí ẹni tó ń lọ sílé bá mi mú un lọ. Mo mú ọ̀kan. Bọ̀dá fọwọ́ kàn án, ó ní, "Èyí ti wúwo jù fún wọn. Mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́." Ìyàwó wa ní búlúù á bá Màmá mu. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀ o! Ìyá ẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀, ó ń bá mi yan ìborùn.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, òun náà sunkún. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé nígbà yẹn, kì í tètè sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Mo gbé tíì jáde fún un lọ́jọ́ kan. Ojú ẹ̀ pọ́n kankan. Ó ní ọ̀fìnkìn ni. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n fi àtalẹ̀ sí i." Ìyẹn tiẹ̀ ló tún ń dùn mí jù. À bá jọ sunkún pọ̀. Ìyá kan náà ló tọ́ wa. Ó yàn láti dá sunkún nínú mọ́tò, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú bisikíìtì.

Ọjọ́ àfihàn pé. Ilé kún. Àwọn obìnrin ń kí mi lọ́nà kan tí kò yé mi. Ọ̀kan dì mọ́ mi pẹ́ títí, ó ní, "Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú." Mo rò pé torí iṣẹ́ tí mo ṣe ni. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà, iṣẹ́ ò pa èèyàn." Ó wojú mi, ó wo ojú Ìyàwó wa, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Rájí ṣe kìnnìún, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá kan Àbẹ̀kẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó kí gbogbo àgbà bí mo ṣe kọ́ ọ. Orí mi ń wú. Ó wá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì fún àdúà.

"Ọlọ́run, ẹ bá wa tẹ́ Baba àti Màmá Beyerúnká sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ fi àlùjáńnà kẹ́ wọn."

Gbogbo ilé ní, "Àmín!"

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kò sẹ́ni tó ṣe háà. Kò sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì. Àmín wọn dún ṣinṣin, bí Àmín ẹni tó ti ṣe é tẹ́lẹ̀. Èmi aláìmọ̀kan, mò ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rù èrò ló jẹ́ kí ọmọ ṣì í. Mo ní, "Rárá o, Àbẹ̀kẹ́. Baba ló kú. Màmá wà láàyè. Ẹ̀mí gígùn là ń tọrọ fún Màmá."



Àbẹ̀kẹ́ wo ìyá ẹ̀. Ó wò mí. Ẹkún ti dé ojú ẹ̀. "Àmọ́, Anti, ẹ̀yin lẹ ní a kì í tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ẹni tó ti kú. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Mi ò sọ fún yín. Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Mo pe Beyerúnká níbi tí mo dúró sí, mo jẹ́ kí gbogbo ilé máa gbọ́ ọ. Ìyàwó wa rọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di apá mi mú. "Eyínafẹ́, ọkọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ ká wọ yàrá." Ẹ rí i bí? Ọjọ́ yẹn ló rántí orúkọ mi!

"Anti Síkírá, ẹ gbé fóònù fún Màmá."

"Wọ́n ń kírun."

"Mo máa dúró."

"Ìrun náà máa pẹ́."

"Mo ní mo máa dúró."

A dúró. Mò ń gbọ́ mímí Anti, mò ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń kọjá lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́kún. "Ta ló sọ fún un? Gàníyù, ta ló sọ fún un?"

Mo pariwo. Mo sọ gbogbo ohun tó wá sí mi lẹ́nu, níwájú gbogbo wọn. Mo bi obìnrin tó dì mọ́ mi pé ìgbà wo ló ti mọ̀. Ó ní àwọn ti wá kí Bọ̀dá kú ará fẹ́ra kù, èmi wà níbi iṣẹ́. Wọ́n wá sílé tí mò ń gbé! Wọ́n jókòó sórí àga tí mo nù! Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn, wọ́n ń wá bàtà.

Bọ̀dá ní, "O dójú tì mí. Wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Tó o bá gbọ́, tó o ṣubú síbi iṣẹ́ ńkọ́? Àṣà wa ni, o sì mọ̀ ọ́n."

"Ẹni tó wà lájò? Bọ̀dá, yàrá tó tẹ̀lé tiyín ni mo wà! Àjò wo ló wà láàárín yàrá yín àti tèmi?"

Ìyàwó wa ní, "A máa sọ fún ẹ lẹ́yìn òní. Tá a bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ta ni ì bá bá mi ṣe gbogbo èyí?" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti jáde.

Mo mọ àṣà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ mi. Ojú mi ni wọ́n ṣe é fún ọmọkùnrin ilé kejì wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánò. Wọ́n ní ara bàbá ẹ̀ ò yá, kó máa bọ̀. Ìgbà tó yọ sẹ́nu ọ̀nà, tó rí àwọn tó jókòó, òun fúnra ẹ̀ ló ká ọwọ́ lérí. Ọwọ́ àwọn àgbà ló ṣubú sí. Irọ́ yẹn, irọ́ tó ń mú èèyàn wá sílé ni. Tèmi, wọ́n fi irọ́ náà dá mi dúró síbi iṣẹ́. Ẹ má pe ìyẹn ní àṣà fún mi.

Mo kó ẹrù mi, mo wá sílé. Mo gba ẹ̀yìn Ọjà'ba wọlé, kò sẹ́ni tó sáré pàdé mi. Ó ti rẹ̀ mí, mo sọ báàgì mi kalẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tuntun kan níwájú yàrá Màmá, mo fẹ́ jókòó. Ìyàwó ilé kan tó ń fọṣọ kígbe, "Ẹ kúrò níbẹ̀! Màmá lẹ fẹ́ jókòó lé!"

Báyìí ni mo ṣe mọ ibi tí wọ́n sin Màmá sí.

Látàná ni Anti Síkírá ti ń tẹ̀lé mi kiri. Ó ní ọ̀la ni àdúà ogójì ọjọ́, kí n pe Bọ̀dá kí n bẹ̀ ẹ́, kí n sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kan tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sáwọn àlejò ọjọ́ yẹn, pé orí mi gbóná ni.

Mo ní, "Kí ni kí n bẹ̀ ẹ́ fún? Torí mo bi í pé níbo ni ìyá mi wà?"

"Dín ohùn ẹ kù. Màmá ò ní fẹ́ báyìí."

"Ẹ tún fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀ ni, Anti?"

Ó kẹ̀yìn sí mi, ó lọ. Ṣùgbọ́n ó rán èèyàn padà: tí mi ò bá bẹ̀bẹ̀, kí n má wá jókòó sáàárín ẹbí lọ́la. Èmi máa jókòó. Iwájú alùfáà gan-an ni mo máa tẹ́ ẹní mi sí, ẹni tó bá fẹ́ gbé mi kúrò, kó wá gbé mi. Àdúà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún Màmá, mi ò sí níbẹ̀. Èyí, wọn ò ní fi dù mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, tẹ́ ẹ ń ní kí n fọwọ́ wọ́nú: ká ní ìyá tiyín ni, tó jẹ́ ẹnu ọmọ kékeré lẹ ti gbọ́, tí gbogbo ilé ṣe Àmín tán kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín, ṣé ẹ máa rọra jókòó, kẹ́ ẹ máa pín bisikíìtì lọ? Ẹ má fi òwe dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ẹ máa dákẹ́?